Ilẹ̀ Líle Lábẹ́ Pátákò: Gbèsè Tí Ẹsẹ̀ Ẹṣin Ń San Lẹ́yìn Eré

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tó ní ẹṣin, àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko, ní Oníkan, Èkó

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin tí ẹ fi pápá sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti ń tọ́jú ẹṣin láti ìdájí tí ẹ ò sì tíì sinmi, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ ìṣègùn ẹranko, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ooru, ẹ kú súnkẹrẹ fàkẹrẹ orí afárá. Ẹni tó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n má kọjá wákàtí kan. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ àwa dókítà ẹranko mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹsẹ̀ ẹṣin, a kì í tètè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò tí a wà yìí. Kí wọ́n tó kọ́ Tafawa Balewa Square ní 1972, pápá ìsáré ẹṣin ni ibẹ̀, lórí ilẹ̀ tí Ọba Dòsùnmú yọ̀ǹda fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1859. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè ní 1960. Koríko ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Kọnkéré ló gba ipò rẹ̀. Àwọn ẹṣin funfun mẹ́rin tó wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan ni ẹṣin tí mo mọ̀ ní Èkó tí ilẹ̀ líle ò lè ṣe ní nǹkan kan. Àwọn yòókù, tó fi mọ́ tiyín, ń gba ìyà náà sára, wọn ò sì lẹ́nu tí wọ́n á fi sọ ọ́.

Ohun tí mo bá wá kò ju èyí lọ: ìpalára tí ilẹ̀ líle ń ṣe kì í sábà hàn lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Gbèsè ni. Ẹṣin á jẹ ẹ́ lónìí, wọ́n á wá sìn ín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lórí pápá mìíràn, bóyá lábẹ́ ẹlẹ́ṣin mìíràn, nígbà tí kò sẹ́ni tó tún rántí ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìpinnu nípa ilẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wáyé kí ẹṣin tó jáde nílé. Bó bá ti ń tiro, ó ti pẹ́.

Eré tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni wọ́n ń pè ní eventing. Kò tíì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Polo la mọ̀ ní Èkó, láti 1904 tí Lagos Polo Club ti wà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ eré ẹṣin tó ń fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ hàn kedere tó o. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Yúróòpù ló fi ń dán ẹṣin ogun wò, ó sì wọ Òlíḿpíìkì ní Stockholm ní 1912. Ẹṣin kan, ẹlẹ́ṣin kan, iṣẹ́ mẹ́ta. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe dressage, níbi tí ẹṣin ti ń rìn, tó ń yí, tó ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ níwájú adájọ́ láìjẹ́ kí ojú rí bí ẹni tó gùn ún ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á fi fífo àwọn igi aláwọ̀ mèremère nínú ọgbà parí rẹ̀. Cross-country ló wà láàárín, òun ló sì gbé mi dé iwájú yín.

Ní ipele tó ga jù, èyí tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ márùn-ún sàmì sí, irú ìdíje ti Badminton tó bẹ̀rẹ̀ ní 1949 àti ti Burghley tó bẹ̀rẹ̀ ní 1961, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin á sáré ju kìlómítà mẹ́fà lọ lórí koríko. Á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á bọ́ sínú omi, á sì fò tó ogójì ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí àwọn ìdènà tí igi ńláńlá pọ̀ nínú wọn, tí kì í wó bí wọ́n bá kọlù wọ́n. Eré tí wọ́n là sílẹ̀ fún un jẹ́ 570 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ju kìlómítà 34 lọ ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tí ẹlẹ́ṣin bá fi pẹ́, wọ́n á fi 0.4 kún àmì ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi 0.4 yẹn sọ́kàn. Òun ló ń mú kí àgbàlagbà tó gbọ́n máa lé ẹṣin lórí ilẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé kó rọra.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ náà.

Ẹṣin eré ńlá kan wọ̀n tó nǹkan bíi 500 kìlógíráàmù. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló ń gbé bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá rẹ̀. Tó bá wá ń sáré tete, tí ẹsẹ̀ iwájú kan ṣoṣo tẹlẹ̀, agbára tó ń gba ẹsẹ̀ náà kọjá lè tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwúwo gbogbo ara rẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ, lórí pátákò tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ bàbá tó jókòó síwájú mi yìí lọ. Láti orúnkún lọ sílẹ̀, ẹṣin kò sì ní iṣu ẹran kankan lẹ́sẹ̀. Awọ ni, eegun ni, iṣan gígùn ni. Kò sí nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kankan tó máa gba ìyà fún un níbẹ̀.

Nígbà tí pátákò bá kan ilẹ̀, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dà wọ́n pọ̀, àṣìṣe ibẹ̀ sì ń náni lẹ́ṣin, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Pátákò á kọ́kọ́ gbá ilẹ̀. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú eré, ilẹ̀ ló sì máa dá a dúró. Ilẹ̀ tó dára á gbà á díẹ̀díẹ̀: koríko á tẹ̀, gbòǹgbò á fún pọ̀, erùpẹ̀ á wọlẹ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ líle kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa dá a dúró gbì. Eré tó yẹ kó ti inú ilẹ̀ lọ á wá di ìgbọ̀nrìrì tó ń gba inú ẹsẹ̀ gòkè, láti pátákò sí eegun tó wà nínú rẹ̀, láti ibẹ̀ sí oríkèé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹlẹ́dàá ò fi pátákò sílẹ̀ láìní ààbò. Ògiri rẹ̀ máa ń fẹ̀ díẹ̀ bó bá tẹlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀ wálẹ̀, apá rírọ̀ onígun mẹ́ta tó wà ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn àti tìmùtìmù tó wà lókè rẹ̀ á sì jẹ púpọ̀ nínú ìgbọ̀nrìrì náà kó tó dé oríkèé. Irin tí a ń kàn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ máa ń dín fífẹ̀ yẹn kù. Mi ò ní kí ẹ bọ́ irin o. Mo ní kí ẹ mọ̀ pé kò wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìwúwo á wá bọ́ sórí ẹsẹ̀, tí ọrùn ẹsẹ̀ á rì wálẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko. Ibí ni iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti ń nà. Nínú eré líle, àárín iṣan yẹn máa ń gbóná tó 45°C, nítorí pé bó ṣe ń nà tó sì ń súnkì kò yé mú ooru jáde, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀ tó máa gbé ooru náà lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí wọn tí wọ́n ń fi omi tútù àti yìnyín sí ẹsẹ̀ ẹṣin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti cross-country.

Ilẹ̀ tó rọ̀ jù, tó ń gbé ẹsẹ̀ mì, iṣan ló ń jẹ níyà. Ilẹ̀ tó le jù, eegun àti oríkèé. Ẹni tó bá ní ẹṣin tí iṣan rẹ̀ ti bàjẹ́ rí á máa sá fún ẹrẹ̀. Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ní oríkèé tó ń dùn ún á máa sá fún ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn méjèèjì lè dúró sórí pápá kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan ní ilẹ̀ yìí dára, kí èkejì ní kò dára, kí àwọn méjèèjì sì tọ̀nà.

Ẹ wá fi iye ìgbà kún un. Bí ìṣísẹ̀ eré kan bá gba mítà mẹ́rin, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gbá ilẹ̀ ní nǹkan bí 1,600 ìgbà nínú 6,400 mítà. Fífò ò sí nínú ìyẹn. Bí ẹṣin bá fo ìdènà, ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń sọ̀, wọn kì í sì í sọ̀ pa pọ̀: ọ̀kan á ṣáájú, òun nìkan ló sì máa dá gbogbo ara gbé kí èkejì tó dé. Ní ipele ìràwọ̀ márùn-ún, òfin gbà kí ibi tí ẹṣin máa sọ̀ sí jìn tó mítà méjì sí orí ìdènà. Mítà méjì! Sórí ilẹ̀ tí òjò ò rọ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kí ló ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Èyí tó yára hàn ni àtẹ́lẹsẹ̀ tó dáranjẹ̀, pàápàá fún ẹṣin tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó ń tiro lọ́jọ́ kejì, ó sinmi, ó gbádùn. Èyí ò dẹ́rù bà mí. Ògiri pátákò lè là, pàápàá nígbà ọyẹ́ tó bá ti gbẹ. Àwọn ẹṣin ọ̀dọ́ tí eegun wọn ò tíì gbó lè ní ìrora níwájú ojúgun. Bí ìgbọ̀nrìrì náà bá pọ̀ lápọ̀jù, ohun tó so eegun mọ́ ògiri inú pátákò lè wú, kó máa tú. Ẹni tó bá ti rí ẹṣin tó ń gbé ìwúwo ara rẹ̀ sẹ́yìn, tó ń sá fún ẹsẹ̀ iwájú ara rẹ̀, mọ ohun tí mò ń wí. Oríkèé tí wọ́n bá ti gbá léraléra á máa wú, á máa le, kò sì sí oògùn tó ń dá orí eegun tó ti họ padà sí bó ṣe wà.

Ti inú eegun ló yẹ kí n dúró lé, torí ibẹ̀ ni gbèsè tí mo sọ wà. Eegun kì í ṣe òkúta. Ó ń tún ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá gbá a ju bó ṣe mọ̀ lọ, ó máa sán láwọn ibi kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí. Ara á wá rán òṣìṣẹ́ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á wú apá tó sán kúrò, kí wọ́n tó mọ tuntun sí i. Láàárín ìgbà tí wọ́n ti wú u tí wọn ò tíì mọ ọ́n tán, eegun náà kò lágbára tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ẹṣin lè máa rìn dáadáa, tó ń jẹun, tí ojú rẹ̀ ń dán, tí olówó rẹ̀ ní ó ti sinmi tó, ẹ jẹ́ ká tún gùn ún. Eegun á wá dá lórí koríko tútù, lọ́jọ́ tí kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀. Wọ́n á bú ẹni tó tọ́jú pápá ọjọ́ náà. Ẹni tó tọ́jú pápá ti oṣù méjì sẹ́yìn wà nílé rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ́ sí i.

Nítorí náà ni mi ò ṣe fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan dájọ́ ilẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo, ní ọjọ́ 1 oṣù August 2021, Jet Set, ẹṣin ọmọ ọdún 14 tí Robin Godel ará Switzerland gùn, já iṣan ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí cross-country, kò ṣeé tún ṣe, wọ́n sì ní láti fún un lóògùn tó fi sùn títí ayé. Mi ò mú un wá láti di ẹ̀bi ru ilẹ̀ Tokyo. Mo mú un wá nítorí pé àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ohun tí mo sì fẹ́ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa bèèrè nípa ẹṣin èyíkéyìí tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ tó ṣáájú.

Òótọ́ kan tún wà tí mi ò gbọdọ̀ fi pamọ́. Eegun tí kò gbá ohun líle rí kò ní lágbára. Ẹṣin tí wọ́n tọ́ dàgbà lórí yanrìn rírọ̀ nìkan, tí wọ́n wá gbé e lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tètè bàjẹ́ ju ti ẹṣin tó ti ń rìn lójú ọ̀nà láti kékeré. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ máa ń fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ mú ẹṣin rìn jẹ́jẹ́ lójú títì kí wọ́n tó jẹ́ kó sáré, mo sì rò pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ìrìn ni mo wí o. Sísáré lórí ọ̀dà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó burú jù lójú tèmi. Ó burú ju ilẹ̀ tó le délẹ̀délẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó le nísàlẹ̀ tí òjò fẹ́ẹ́rẹ́ wá pa lókè, tàbí tí ìrì òwúrọ̀ bò. Omi ò tíì wọlẹ̀, koríko ń yọ̀, pátákò ò sì rí ohun dì mú. Wọ́n máa ń dè irin kékeré mọ́ abẹ́ bàtà ẹṣin kó lè di ilẹ̀ mú, ẹlẹ́nu ṣóńṣó fún ilẹ̀ líle, èyí tó tóbi fún ẹrẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé bó bá ṣe dì mú tó ló ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹṣin ní láti yọ̀ díẹ̀ bó bá tẹlẹ̀. Bí ẹ bá kàn án mọ́lẹ̀, tí ara ń lọ síwájú, tí ẹsẹ̀ dúró, oríkèé ló máa yí. Mo kórìíra irin tó tóbi lórí ilẹ̀ gbígbẹ ju kí ẹsẹ̀ yọ̀ lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ nígbà tí ẹṣin bá ń sọ fún yín pé ilẹ̀ le? Ìṣísẹ̀ rẹ̀ á kúrú. Tó bá fẹ́ fò, á fò pẹlẹbẹ, bí ẹni tó fẹ́ kí sísọ̀ náà tètè parí. Lẹ́yìn ìdènà ìkẹwàá tàbí ìkọkànlá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì ní ibi tó ń sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ní ibi tó ń gòkè. Ẹṣin tó ń kọ̀ sàn. Ẹṣin tó ní ọkàn akin ni mò ń bẹ̀rù, torí òun á bò ó mọ́ra títí wọ́n á fi gba ẹ̀bùn. Ní Badminton àti àwọn ìdíje bẹ́ẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n á ní kí gbogbo ẹṣin sáré kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́ kọjá níwájú adájọ́ àti dókítà ẹranko, lórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtiro kì í ti lè sá pamọ́. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tó parí cross-country bí akọni ló ń kùnà níbẹ̀.

Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó pani lẹ́rìn-ín. Òjò ló máa ń mú kí wọ́n fagi lé ìdíje ńlá. Òjò ló gbá Badminton dànù ní 1987, òun náà ló tún ṣe é ní 2012. Ẹrẹ̀ kò ṣeé sẹ́: ọkọ̀ á rì, bàtà olówó á bàjẹ́, tẹlifíṣọ̀n á fi hàn. Ilẹ̀ líle lẹ́wà. Oòrùn ràn, èrò pọ̀, koríko tẹ́ rẹrẹ, aago ẹlẹ́ṣin sì ń sáré dáadáa. Nítorí náà wọ́n máa ń fi ìpinnu sílẹ̀ fún ẹlẹ́ṣin: bí o bá fẹ́, mú ẹṣin rẹ kúrò. Ẹni tó ti san owó ìwọlé, tó ti wakọ̀ láti òru, tí olówó ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ rò pé ó máa mú un kúrò? Ní oṣù July 2022, tí ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá 40°C fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ọ̀dá sì mú koríko wọn gbẹ, àwọn olùṣètò ìdíje ń wá omi bí ẹni ń wá wúrà, ó sì di dandan fún àwọn kan láti fagi lé tiwọn. Ó yẹ ká kí wọn.

Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Òòlù kan wà tí Baden Clegg ará Ọsirélíà ṣe: wọ́n á jẹ́ kí irin wíwúwo já bọ́ gba inú páìpù, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sọ bí ilẹ̀ ṣe dá irin náà dúró gbì tó. Ọ̀pá kan tún wà tí àwọn pápá ìsáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, tí wọ́n á tì wọlẹ̀ kí wọ́n tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ ò bá ní wọn, ẹ mú sukurudiráfà gígùn. Bí ẹ ò bá lè fi ọwọ́ kan tì í wọlẹ̀ tó ìka méjì, ẹ má sáré níbẹ̀. Ẹ má sì gún un níbi tó rọrùn nìkan. Ẹ gún un níbi tí ẹṣin ti máa gbéra, níbi tó ti máa sọ̀, lórí òkè, lábẹ́ igi ńlá tí gbòǹgbò rẹ̀ ti fa omi tán, níbi tí ọkọ̀ agbépo ti kọjá. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀ síra púpọ̀, ìyẹn gan-an léwu, torí ẹṣin ń ṣètò ara rẹ̀ fún ilẹ̀ tó ti tẹ̀ kọjá, kò mọ èyí tó ń bọ̀.

Ìtọ́jú ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá gbé rọ́bà omi jáde ní àṣálẹ́ ọjọ́ Friday fún ìdíje Saturday ń ṣe irú ilẹ̀ tó ń yọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bomi rin ín púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó wọlẹ̀, kí ẹ tún bomi rin ín lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú, kí ilẹ̀ tó gbẹ tán. Ẹ jẹ́ kí koríko ga díẹ̀. Koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ kò lè bo ilẹ̀ lójú oòrùn. Ẹ̀rọ kan wà tí tirákítọ̀ ń fà, tó ń fi eyín irin gún ilẹ̀ tó sì ń mì ín lábẹ́ láìtú koríko sókè. Ní ibi tí ẹṣin ti máa sọ̀, wọ́n máa ń bu yanrìn àti ilẹ̀dú lé e, wọ́n sì máa ń ṣí ìdènà kúrò lójú kan bọ́ sí èkejì lọ́dọọdún kí ilẹ̀ lè sinmi.

Nílé wa ńkọ́? Ilẹ̀ Èkó kì í ṣe ẹyọ kan. Ní òkè odò, láti Agége sí Ìkẹjà dé Ìkòròdú, ilẹ̀ pupa ni, tí amọ̀ àti irin pọ̀ nínú rẹ̀. Ní June tí òjò pọ̀ jù, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Láti December sí February tí òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ má rọ̀ rárá, ẹ lè fi ṣọ́bìrì lù ú kó ta sókè. Ní Erékùṣù àti Lẹ́kkí, yanrìn ni, omi ń jò kúrò nínú rẹ̀ kíákíá, koríko tí wọ́n bá gbìn sórí rẹ̀ kò sì lè fara da ọ̀sẹ̀ méjì láìsí omi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni àwọn ìdíje polo ńlá wa ń wáyé, torí àlejò ò fẹ́ òjò. Pápá polo gùn tó mítà 275, ó fẹ̀ tó 145. Ẹ ṣírò omi tó máa gbà. Ohun tó ń gba ẹṣin polo là ni pé wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méje, kì í sì í fo nǹkan kan. Ìdúró lójijì àti ìyípadà ló ń pa á lára, orí ilẹ̀ líle sì kọ́ ni wọ́n ti ń yípadà jẹ́jẹ́.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi ẹṣin gbé ènìyàn létí òkun ní Elégúṣì, ọ̀rọ̀ tiyín kúrú. Yanrìn tútù tó sún mọ́ omi le, èyí tó gbẹ jìn, etíkun sì dagẹ̀rẹ̀ sápá kan. Ẹṣin tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lójú kan náà látàárọ̀ ń fi ẹsẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ. Ẹ jẹ́ kó máa yí. Lójú ọ̀nà ilé, ẹ fà á, ẹ má gùn ún sáré lórí ọ̀dà nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra Ojúde Ọba, mo mọ̀ pé ẹ wà níbí. Ẹṣin tó ti dúró nínú ilé láti ìgbà Iléyá tó kọjá, tí wọn ò gé pátákò rẹ̀, tí wọ́n wá ní kó jó, kó gbé ara sókè lórí ilẹ̀ gbagbàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ń fi í ṣẹ̀sín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú un rìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ẹ gé pátákò. Bí aṣọ ọdún yín ṣe jojú tó ò kàn mí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, bàbá kan nà ọwọ́ sókè, wọ́n ní: “Dókítà, ẹṣin Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ kò wọ bàtà, kò sẹ́ni tó bomi rin ilẹ̀ fún un, ó sì jagun. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń kẹ́ àwọn tòní jù?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ ṣeun, bàbá. Ẹṣin yẹn kéré ju èyí, ó fúyẹ́ jù ú. Orí ilẹ̀ ọ̀dàn gbígbẹ ni wọ́n bí i sí, ó ń rìn kiri níbẹ̀ láti ọmọ ọjọ́ díẹ̀, ìrìn ló sì ń rìn lọ sójú ogun, kì í sá 570 mítà ní ìṣẹ́jú kan fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá tọmọlẹ́yìn. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì kán, wọ́n á lọ ra òmíràn lókè ọya. Ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń gun ẹṣin ní Ìkòyí wá bèèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ti gùn ún lórí ilẹ̀ líle ńkọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ ná.” Mo ní àbúrò, kó o fi omi tútù sí ẹsẹ̀ náà fún ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní oògùn ìrora, fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ kan pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó o mọ èyí tó gbóná jù. Fi ìka tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wò láti orúnkún wálẹ̀, ti òsì kó o tó ṣe ti ọ̀tún. Mú un sáré kẹ́sẹ́kẹ́sẹ́ lójú títì, lọ àti bọ̀, kí ẹlòmíràn máa wo orí rẹ̀: ẹṣin máa ń gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú tó ń dùn ún bá tẹlẹ̀. Bí ohunkóhun bá yàtọ̀ láàárín apá méjèèjì, má gùn ún, pe dókítà. Bí ohun gbogbo bá sì rí bákan náà, kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, kó o kọ irú ilẹ̀ tó jẹ́ sí i, kí ó tó oṣù mẹ́ta kó o tó sọ pé kò ṣe é ní nǹkan kan.